Bí A Ṣe Lè Yẹ Ọ̀rọ̀ Ìdọ́gba Obìnrin àti Ọkùnrin Wò Fínnífínní

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1975, nǹkan bí ìpín 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè Iceland ló kọ̀ láti ṣiṣẹ́, yálà níbi iṣẹ́ tàbí nínú ilé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn ará ìlú dìbò yan Vigdís Finnbogadóttir, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí aráàlú fi ìbò gbé dé ipò ààrẹ. Síbẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè yìí kan náà tún gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, Katrín Jakobsdóttir tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà sì wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bínú ni owó iṣẹ́ tí kò dọ́gba àti ìwà ipá tí wọ́n ń hù sí obìnrin. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin ti parí, Iceland ti dá a lóhùn. Bí ẹlòmíràn bá sì sọ pé kò sí ohun tó yí padà, Iceland náà ló máa dá òun lóhùn.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí níbi ìjíròrò, ẹni tó fẹ́ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ẹni tó kàn fẹ́ mọ ibi tí orílẹ̀-èdè kan bá a dé. Lójú tèmi, ohun tí à ń pè ní ìsọjí ìjàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin sábà máa ń wáyé nígbà tí ìran kan bá bá ẹ̀tọ́ nínú ìwé òfin nígbà tí wọ́n dáyé, tí wọ́n wá dàgbà tán tí wọn kò rí ẹ̀tọ́ náà níbi iṣẹ́, ní ilé ẹjọ́ àti nínú ilé ara wọn. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ni kó wọn àlàfo tó wà láàárín ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ má ṣe fara mọ́ ọdún kan ṣoṣo

Àwọn tó máa ń sọ pé obìnrin ti gba òmìnira tán máa ń yára dárúkọ ọdún kan, èyí tí òfin ìdìbò yí padà. Ọdún kan ṣoṣo kì í tó. New Zealand ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gba àwọn obìnrin láyè láti máa dìbò yan aṣòfin, lọ́dún 1893, ṣùgbọ́n títí di ọdún 1919, obìnrin kò lè du ipò aṣòfin níbẹ̀, ó sì di ọdún 1933 kí Elizabeth McCombs tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìgbìmọ̀ wọn. Ogójì ọdún gbáko ló wà láàárín ìgbà tí obìnrin kọ́kọ́ dìbò àti ìgbà tí obìnrin kọ́kọ́ wọlé ìbò. Finland, tó ṣì wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà, fún àwọn obìnrin ní ẹ̀tọ́ méjèèjì pa pọ̀ lọ́dún 1906, nígbà tí wọ́n sì dìbò lọ́dún 1907, obìnrin 19 ló wọlé. Ẹni tó bá kàn to ọdún tẹ̀ léra wọn kò ní rí ìyàtọ̀ yìí.

Àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ tún wà níbẹ̀ tí a kì í dárúkọ. Òfin ọdún 1918 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kan gbogbo obìnrin. Àwọn tó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n sì kúnjú ìwọ̀n kan ní ti dúkìá, ló kàn, ó sì di ọdún 1928 kí obìnrin àti ọkùnrin tó jọ máa dìbò láti ọmọ ọdún 21. Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe òfin ọdún 1920 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin fi ìbò dù ú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n fi oríṣiríṣi ọgbọ́n lé kúrò níbi ìdìbò títí òfin ọdún 1965 fi dé. Ní Switzerland, àwọn ọkùnrin tó ń dìbò gbà lọ́dún 1971 pé kí obìnrin máa dìbò ní ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kékeré tó ń jẹ́ Appenzell Innerrhoden kọ̀ fún un nínú ìdìbò tirẹ̀, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kó gbà lọ́dún 1990.

Ẹ la òpó mẹ́rin sórí ìwé fún ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ń yẹ̀ wò. Ní òpó kìíní, ẹ kọ ọdún tí òfin jáde. Ní ìkejì, àwọn obìnrin tí òfin náà kò kàn. Ní ìkẹta, ọdún tí obìnrin kan kọ́kọ́ lo ẹ̀tọ́ náà tó sì rí i gbà. Ní ìkẹrin, ẹni tí obìnrin lè lọ bá bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ náà dù ú, àti iye tó máa ná an kó tó rí ìdájọ́. Òpó kẹrin ló sábà máa ń ṣófo. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹ kò bá rí ohun tí ẹ máa kọ síbẹ̀, nítorí òfìfo náà gan-an jẹ́ ìdáhùn.

Òfin ìgbéyàwó ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí

Bí wọ́n bá ní kí n yan òfin kan ṣoṣo láti fi mọ ipò obìnrin nílẹ̀ kan, mi ò ní ṣí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Gbólóhùn ńláńlá ló máa ń wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò lè kọ gbólóhùn ńlá. Òfin ìgbéyàwó ló máa sọ fún yín ẹni tí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ múlẹ̀ àti ẹni tí tirẹ̀ kò múlẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1944 ni obìnrin gba ẹ̀tọ́ láti dìbò àti láti du ipò níbẹ̀, ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí òfin yí padà lọ́dún 1965, ọkọ ṣì lágbára lábẹ́ òfin láti sọ pé ìyàwó òun kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kan, ìyàwó kò sì lè dá ṣí àpò owó sí báńkì láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Fún nǹkan bí ogún ọdún, obìnrin tó lè jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ kó sì ṣe òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè kò lè dá báńkì lọ. Ní Ireland, obìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní láti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ti lọ́kọ, wọn kò sì fagi lé òfin yẹn títí di ọdún 1973. Ní Amẹ́ríkà, ó di ọdún 1974 kí òfin tó ka á léèwọ̀ pé kí báńkì máa wo bóyá ẹni tó fẹ́ yá owó jẹ́ obìnrin tàbí bóyá ó ti lọ́kọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọdún 1991 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó là á mọ́lẹ̀ pé ọkọ tó bá fipá bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀ ti dá ọ̀ràn. Àwọn obìnrin tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lójú wọn ṣì wà láàyè. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni.

Nígbà tí ẹ bá ń ka òfin bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ìbéèrè tó ṣeé fi bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ dáhùn. Ṣé obìnrin lè ra ilẹ̀ kó sì tà á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ṣé ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ bí bàbá ọmọ náà bá jẹ́ àjèjì? Ṣé ọjọ́ orí kan náà ni òfin ní kí ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin pé kí wọ́n tó ṣègbéyàwó? Bí ìgbéyàwó bá tú ká, ṣé ilé ẹjọ́ máa ka ọdún tí obìnrin fi tọ́ ọmọ sí ara ohun tó kó wá sínú ìgbéyàwó náà? Ọgbọ́n kan tún wà tó rọrùn gan-an: níbikíbi tí òfin bá ti dárúkọ ọkọ, ẹ fi ìyàwó rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì fi ọkọ sípò ìyàwó, kí ẹ wá ka gbólóhùn náà sókè. Bó bá dún bí ohun tí kò bójú mu, àìdọ́gba tó fara pamọ́ síbẹ̀ ti yọ jáde.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àdéhùn àgbáyé tàn yín jẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1979, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní CEDAW, èyí tó fẹ́ fòpin sí gbogbo ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n ń ṣe sí obìnrin. Kí orílẹ̀-èdè buwọ́ lu irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kó sọ ọ́ di òfin tó dè é: Amẹ́ríkà buwọ́ lù ú lọ́dún 1980, kò sì tíì gbé ìgbésẹ̀ kejì. Àwọn mìíràn gba gbogbo rẹ̀ àyàfi abala kan tàbí méjì. Abala 16, tó dá lórí ìgbéyàwó àti ìdílé, wà lára èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sọ pé kò ní de àwọn, kò sì yẹ kí èyí ya ẹni tó ti ka òfin ìgbéyàwó wọn lẹ́nu.

Bí a ṣe ń ka iye owó iṣẹ́

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń le jù, nítorí pé ìṣirò tó yàtọ̀ síra ni àwọn méjèèjì tó ń jiyàn dì mú. Bí ìwé ìròyìn bá sọ pé obìnrin ń gba 80 níbi tí ọkùnrin ti ń gba 100, ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí: ṣé owó wákàtí kan ni wọ́n fi wéra ni àbí owó ọdún kan, ṣé wọ́n ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ààbọ̀ ọjọ́ mọ́ ọn, ṣé ìpíndọ́gba gbogbo owó ni wọ́n mú, àbí owó ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn bí wọ́n bá to gbogbo òṣìṣẹ́ láti orí ẹni tó ń gba owó tó kéré jù. Àwọn ọlọ́rọ̀ díẹ̀ lè fa ìpíndọ́gba sókè láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà fún àwọn tó kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya oríṣi àìdọ́gba mẹ́ta sọ́tọ̀. Ìkíní ni pé kí àwọn méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà gba owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí ni òfin tètè máa ń rí mú. Ìkejì ni pé kí wọ́n fojú kéré iṣẹ́ kan nítorí pé obìnrin ló ń ṣe é. Lọ́dún 1968, àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ àga ọkọ̀ ní iléeṣẹ́ Ford tó wà ní Dagenham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ka iṣẹ́ wọn sí èyí tí kò nílò ìmọ̀ àkànṣe. Ìyanṣẹ́lódì yẹn wà lára ohun tó bí òfin owó ọgbọọgba ti ọdún 1970, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níparí ọdún 1975. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dìde gan-an, pé kí wọ́n ka iṣẹ́ ìránṣọ wọn sí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n, wọn kò rí i gbà títí di ìgbà tí wọ́n tún yanṣẹ́ lódì lọ́dún 1984. Wọ́n yí òfin orílẹ̀-èdè padà kí ọ̀gá wọn tó gbà pé wọ́n mọṣẹ́.

Oríṣi kẹta ló ṣòro jù láti rí. Claudia Goldin, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lọ́dún 2023, fi hàn pé láwọn orílẹ̀-èdè tó lówó, inú iṣẹ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àlàfo owó tó kù wà, àti pé ìgbà tí obìnrin bá bí ọmọ àkọ́kọ́ ló máa ń fẹjú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àlàfo náà máa parẹ́ bí a bá yọ iye wákàtí iṣẹ́, ipò àti ọdún ìrírí kúrò, ẹ gbà fún un pé ìṣirò rẹ̀ lè tọ̀nà, kí ẹ wá bi í léèrè ohun tó gba wákàtí náà lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ẹni tó yọ wákàtí kúrò ti yọ ọmọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ tí kò sí owó lórí rẹ̀

Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, sọ lọ́dún 2018 pé obìnrin ló ń ṣe ìpín 76.2 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tí aráyé ń lò lórí ìtọ́jú ilé àti èèyàn láìgba owó. Ẹ lè ṣe irú ìwádìí yìí nínú ilé yín. Kí gbogbo àgbà tó wà nínú ilé kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo tẹlòmíràn títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n fi ọpọlọ ṣe mọ́ ọn: ta ló rántí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ta ló mọ̀ pé oògùn ìyá àgbà ti fẹ́ tán, ta ni iléèwé máa ń pè bí ara ọmọ kò bá yá? Ibi tí ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ìwé náà nìyẹn, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ṣáájú.

Bí ẹ bá gbọ́ pé ìjà náà tún ti sọjí

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń pín ìtàn yìí sí ìgbì: ìgbì kìíní láti ìpàdé lórí ẹ̀tọ́ obìnrin tí wọ́n ṣe ní Seneca Falls ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1848 títí dé ẹ̀tọ́ ìdìbò, ìkejì láàárín ọdún 1960 sí 1980, ìkẹta láti nǹkan bí ọdún 1990, ìkẹrin pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì. Ó rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n mi ò gbà á ní gbogbo ẹnu, nítorí ó ń jẹ́ kó dà bíi pé orílẹ̀-èdè kan tàbí méjì ni obìnrin ti ń jà, tí àwọn tó kù ń wòran. Àwọn obìnrin tó dìde sí ìjọba amúnisìn ní agbègbè Aba lọ́dún 1929 kò sí nínú ìgbì kankan, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó sòdí ní Abẹ́òkúta, tí Aláké fi ní láti fi ìtẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1949. Kódà láàárín Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin ń yan lọ sí Washington lọ́dún 1913 nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò, wọ́n ní kí Ida B. Wells, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, lọ sí ẹ̀yìn. Ó kọ̀, ó sì bá àwọn ará Illinois ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn.

Ohun tó wúlò ju kíka ìgbì lọ ni pé kí ẹ béèrè, nípa ìsọjí kọ̀ọ̀kan, gbèsè wo ni ìran tó ṣáájú kò san tán, kí ló tanná ran ìbínú náà, àti àwọn wo ni kò sí níbi ìpàdé. Switzerland fi gbólóhùn ìdọ́gba sínú òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1981. Ọdún kẹwàá pé, àwọn obìnrin kò rí ìyípadà tó tó, wọ́n sì yanṣẹ́ lódì lọ́jọ́ náà gan-an lọ́dún 1991, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lọ́dún 2019. Ní Argentina, ikú ọmọdébìnrin kan tí wọ́n pa ló kó ogunlọ́gọ̀ jáde sójú pópó ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, lábẹ́ orúkọ Ni Una Menos (ìyẹn ni pé kí obìnrin kan ṣoṣo má ṣe dín nínú wa mọ́), agbára tí ìwọ́de yẹn kó jọ kò sì gbẹ́yìn nínú ohun tó mú kí ilé ìgbìmọ̀ wọn fọwọ́ sí òfin oyún ṣíṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Gbólóhùn Me Too (Èmi Náà), tí àwọn tí wọ́n ti bá ṣèṣekúṣe fi ń sọ ohun tí ojú wọn rí, tó gba ayé kan lóṣù Kẹwàá ọdún 2017 ti wà lẹ́nu Tarana Burke láti ọdún 2006, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti bá ṣèṣekúṣe. Ẹni tó bá sọ pé ọdún 2017 ni ó bẹ̀rẹ̀ ti fi ọdún 11 dù ú.

Ẹ tún ṣọ́ bí ìtumọ̀ ìdọ́gba fúnra rẹ̀ ṣe ń yí padà. Àwọn ti ìṣáájú ń fẹ́ kí òfin kan náà máa ṣiṣẹ́ fún obìnrin àti ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan rí i pé òfin kan náà lè pa ẹni tí ipò rẹ̀ yàtọ̀ lára. Lọ́dún 1976, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan lẹ́jọ́ pé wọn kò lè pa ẹjọ́ àwọ̀ ara àti ẹjọ́ jíjẹ́ obìnrin pọ̀ di ọ̀kan. Iléeṣẹ́ náà ṣáà ń gba obìnrin síṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni wọ́n. Ẹjọ́ yìí wà lára èyí tí Kimberlé Crenshaw, amòfin, gbé yẹ̀ wò lọ́dún 1989 nígbà tó ṣàlàyé pé ìyà méjì lè pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, kó sì di ìyà kẹta tí òfin kò rí.

Bí a ṣe ń gbọ́ ti àwọn alátakò

Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló ń ta ko ìdọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo obìnrin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1972, ilé ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó máa sọ ìdọ́gba obìnrin di apá kan òfin ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 38 ló yẹ kó gbà á, 35 péré ló gbà á kí àkókò tó tán lọ́dún 1982. Obìnrin kan, Phyllis Schlafly, ló ṣáájú àwọn tó dènà rẹ̀, ó sì ń sọ fún àwọn ìyàwó ilé pé wọ́n máa pàdánù ààbò tí wọ́n ní, pé wọ́n máa fipá mú àwọn ọmọbìnrin wọn wọ iṣẹ́ ológun. Ẹ kọ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe máa sọ ọ́ gan-an, kó lè kà á kó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá wò ó bóyá ìbẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀ ní òtítọ́ nínú. Ìyàwó tí kò ní owó tirẹ̀, tó gbára lé ọkọ pátápátá, kò ṣàìmọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ibi tí mo ti yapa sí Schlafly ni pé ó fẹ́ kí ìgbáralé náà máa bá a lọ.

Ní ti iye obìnrin tó wà nílé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Òfin ìpìlẹ̀ Rùwáńdà ti ọdún 2003 ya ó kéré tán ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún obìnrin, lọ́dún 2008, wọ́n sì ju ìdajì lọ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣojú. Ẹ ka iye yẹn sí ẹ̀rí pé òfin lè yára ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì padà lọ wo òpó kẹrin nínú ìwé yín kí ẹ tó sọ ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ ọjọ́ sí gbogbo àyẹ̀wò tí ẹ bá ṣe. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 1973 pé òfin ìpìlẹ̀ dáàbò bo obìnrin tó bá fẹ́ ṣẹ́yún, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà sì yí ìdájọ́ rẹ̀ padà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Ní Afghanistan, àwọn ọmọbìnrin tó wà níléèwé girama lọ́dún 2021 bá ilẹ̀kùn ní títì nígbà tí àwọn Taliban gba ìjọba, yunifásítì náà sì di èèwọ̀ fún obìnrin lóṣù Kejìlá ọdún 2022. Ìwé tó péye lọ́dún kan lè ti di irọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa ohun tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tún un yẹ̀ wò. Ẹ fi gègé aláwọ̀ mìíràn kọ èyí tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹni tó bá máa kà á lẹ́yìn yín lè rí èyí tó lọ síwájú àti èyí tó padà sẹ́yìn.